Yíyọ àpò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn jíìpù, kí a fi rẹsọ́ irin rọ́pò rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà yìí dá lórí ọkọ̀ gíga tí àwa níhìn-ín ń pè ní kátì-kátì tàbí jíìpù. Kì í ṣe gbogbo jíìpù ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló gbé wọn ró, kì í ṣe irin, tí kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ń darí afẹ́fẹ́ náà. Àwọn yẹn ni à ń sọ.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ ga dáadáa ní alẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ sùn. Olówó rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ọkọ̀, ó kùn títí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ò dìde. Wọ́n gbé e dé gárájì. Ọ̀gá mẹ́kánò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní: «Afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa níbí. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù, ká fi rẹsọ́ sí i.» Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ti dúró, inú olówó rẹ̀ dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ń fò lójú ọ̀nà bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà, iná iwájú rẹ̀ á máa wọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lójú.

Ṣé ọ̀gá mẹ́kánò tan olówó ọkọ̀ jẹ ni? Rárá. Fífi rẹsọ́ rọ́pò afẹ́fẹ́ ṣeé ṣe, ó sì máa ń dára nígbà púpọ̀. Àmọ́ ọ̀gá náà yọ nǹkan kan kúrò láì bèèrè iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá lé e lọ, ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tó kù? Ìbéèrè yẹn la fẹ́ dáhùn.

RẸSỌ́ YÀTỌ̀ SÍ AMỌ́TÍSỌ̀

Láàárín táyà àti ara ọkọ̀, ohun méjì wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣì mú fún ara wọn.

Èkíní ni rẹsọ́, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sípíríǹgì. Irin tí wọ́n ká bí ejò ni. Òun ló ń ru ẹrù. Bí táyà bá kó sí kòtò, rẹsọ́ á sún kì, á tún nà.

Èkejì ni amọ́tísọ̀, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Ó dà bíi páìpù gígùn, òróró wà nínú rẹ̀. Òun kì í ru ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú rẹsọ́ dákẹ́ kí ó má baà máa jó. Ẹ wo ọkọ̀ tí amọ́tísọ̀ rẹ̀ ti kú: ó ga síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sí kòtò kan ṣoṣo, á fò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dákẹ́. Ẹ wá wo ọkọ̀ tí rẹsọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́: òun ò fò, ó kàn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá sí gárájì pé: «Mo fẹ́ yọ afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ bá mi fi amọ́tísọ̀ sí i.» Ọ̀rọ̀ náà kò pé. Amọ́tísọ̀ ò lè dá gba ipò afẹ́fẹ́. Rẹsọ́ ló ń gba ipò afẹ́fẹ́, amọ́tísọ̀ á sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń da àwọn ènìyàn rú ni pé nínú àwọn ọkọ̀ kan, bíi Land Rover Discovery 3 tó jáde ní 2004, wọ́n ṣe àpò afẹ́fẹ́ mọ́ ara amọ́tísọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan ti yọ méjèèjì.

BÍ AFẸ́FẸ́ ṢE Ń GBÉ ỌKỌ̀

Ọkọ̀ tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni Lexus GX 470. Ilé-iṣẹ́ Toyota ló ṣe é, láti 2002 títí dé 2009. Egungun rẹ̀ àti ti Land Cruiser Prado ìgbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní 120, bára mu. A yàn án nítorí pé iwájú rẹ̀ ti jẹ́ rẹsọ́ irin láti ilé-iṣẹ́. Ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló ti rọrùn jù.

Ní ẹ̀yìn rẹ̀, àpò rọ́bà líle méjì ló wà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Wọ́n jókòó lórí irin ńlá tó dábùú láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká máa pe irin náà ní irin ìdábùú. Amọ́tísọ̀ wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan, kọ̀ǹprẹ́sọ̀, ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ń lò. Afẹ́fẹ́ náà á kọ́kọ́ gba inú ike kan kọjá, tí hóró kéékèèké tó ń fa omi mu wà nínú rẹ̀, kí ó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà, á gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú àpò. Fálífù ni ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kó wọlé tàbí kó jáde. Nítòsí irin ìdábùú, ọ̀pá kékeré kan wà tó ń lọ sókè-sódò bí ọkọ̀ ṣe ń ga tàbí bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé: «Ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ o», tàbí «Ọkọ̀ ti ga jù o.» Kọ̀ǹpútà á wá pàṣẹ fún kọ̀ǹprẹ́sọ̀ àti fálífù.

Ẹ kó àpò gàrí mẹ́fà sí ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣíná sí i, kẹ́ ẹ dúró ná. Ẹ óò gbọ́ kọ̀ǹprẹ́sọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kó gàrí náà sílẹ̀, á tú afẹ́fẹ́ jáde, «sììì», á sọ̀kalẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ ń ṣe. Ó ń ru ẹrù. Ó ń jẹ́ kí gíga ọkọ̀ wà bákan náà, ẹrù ì báà wà, ì báà má sí. Ó sì ń gbé ọkọ̀ sókè sí i, tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹyọ kan ṣoṣo ni rẹsọ́ irin mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń ru ẹrù. Bí ẹrù bá ti pọ̀ tó ni yóò ṣe sún kì tó. Kò ní dìde padà títí ẹ óò fi kó ẹrù náà sílẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Àwọn àgbà tó mọ Citroën DS, èyí tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1955, á rántí bó ṣe máa ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣíná sí i. Òróró àti gáàsì ló fi ń ṣe tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Cadillac fi àpò afẹ́fẹ́ sí Eldorado Brougham ní 1957. Àpò náà ń jò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ọkọ̀ náà sì ní kí wọ́n bá wọn yọ ọ́, kí wọ́n fi rẹsọ́ irin sí i. Ní 1992 ni Range Rover wá fi afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń darí sínú jíìpù. Ẹ ò rí i pé ohun tí ọ̀gá mẹ́kánò wa fẹ́ ṣe yìí, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe é kó tó kàn wá.

Ẹ má sì gbà pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, púpọ̀ wọn ló jókòó lórí àpò afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ orí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba èbúté Kútọnu wọlé ni wọ́n ti lò pẹ́ níbòmíràn. Lexus GX 470 tó kéré jù lọ́jọ́ orí, 2009 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á sán níbikíbi tó bá wà. Oòrùn, eruku pupa àti ẹrẹ̀ tó ń há sí ibi tí rọ́bà ti ṣẹ́po ló kàn ń mú un yá.

KÁ TÓ YỌ OHUNKÓHUN

Ọkọ̀ tó jókòó kò ní kí àpò ti bẹ́. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lè ti ha ara irin títí ó fi lu. Ẹnu ibi tí páìpù ti wọ àpò lè máa jò. Fúsíbù lè ti jó. Ọ̀pá kékeré tó ń wọn gíga lè ti ṣẹ́, kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ìnáwó lórí àwọn wọ̀nyí kéré. Àmọ́ bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á di ńlá: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò, kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ò ní sinmi, á gbóná, á sì jó níkẹyìn. Olówó ọkọ̀ á wá sọ pé kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ló bàjẹ́. Kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ò ṣẹ̀, iṣẹ́ ló pa á.

Ẹ mú ìwọ̀n tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wọn láti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí irin tó wà lókè rẹ̀. Ẹ wọn òsì, ẹ wọn ọ̀tún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sí ọkọ̀, ẹ tún un wọn. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tẹ́ ẹ kọ nìyí:

Ìrọ̀lẹ́: òsì 52 cm, ọ̀tún 52 cm.
Òwúrọ̀: òsì 51 cm, ọ̀tún 44 cm.

Apá ọ̀tún ló ń jò. Ti òsì tó fi 1 cm dín, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ máa ń sún kì díẹ̀ bí òru bá tutù, pàápàá nígbà ọ̀yẹ́.

Ẹ wá po ọṣẹ mọ́ omi, kó hó. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ fẹ́ àpò kó kún, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ náà sí ẹnu páìpù, sí ara páìpù, sí gbogbo ibi tí rọ́bà ti ṣẹ́po. Níbi tó bá ń jò, ọṣẹ á máa wú bí ìgbà tí àkàrà bá ń hó nínú epo. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ tó na ọwọ́. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Bó bá jẹ́ páìpù ni, ẹ pààrọ̀ páìpù, kí olówó ọkọ̀ máa lọ. Bó bá jẹ́ pé rọ́bà àpò méjèèjì ti sán, tí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ sì ti jó pẹ̀lú, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹsọ́ irin tó délẹ̀.

KÍ LẸ Ń FI ỌKỌ̀ NÁÀ KÓ?

Ẹ má ra rẹsọ́ kẹ́ ẹ tó bèèrè ìbéèrè yìí. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan tó ń ta gàrí ní Kétu ló gbé jíìpù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mẹ́kánò.

«Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Kí lẹ máa ń fi ọkọ̀ yìí kó?»

«Gàrí ni, ọmọ mi. Mò ń kó o lọ sí Kútọnu. Àpò mẹ́fà.»

«Kílò mélòó ló wà nínú àpò kan?»

«Àádọ́ta.»

«Ìyẹn jẹ́ 300 kílò, ká tó ka ẹ̀yin àti ṣófẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀?»

«Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọjọ́ tó kù, èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀. Mo lè lọ kí àwọn ọmọ mi ní Ṣábẹ, mo lè lọ sí òde.»

«Màmá, ẹ wò ó. Bí mo bá fi rẹsọ́ líle sí i nítorí gàrí, ọjọ́ tí ẹ ò bá ru ẹrù, yóò máa gbọ̀n yín jìgìjìgì. Bí mo bá fi èyí tó rọ̀ sí i nítorí òde, lọ́jọ́ gàrí, yóò jókòó mọ́lẹ̀.»

«Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.»

«Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Òun mọ ìgbà tí ẹrù wà, ó sì mọ ìgbà tí kò sí.»

«Kí ni ká wá ṣe?»

«Ọ̀nà méjì ló wà. Ká ra àpò afẹ́fẹ́ tuntun àti kọ̀ǹprẹ́sọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Tàbí ká fi rẹsọ́ tó wà láàárín sí i, èyí tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, kẹ́ ẹ dín gàrí kù sí àpò mẹ́rin.»

«Àpò mẹ́rin! Ìyẹn ni pé màá máa lọ lẹ́ẹ̀mejì.»

«Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi owó epo ìrìn kejì yẹn kún iye tí rẹsọ́ máa ná yín, kẹ́ ẹ tó sọ pé òun ló dín jù.»

Mẹ́kánò yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì mú sípánà, ó ti sọ fún ìyá náà ohun tí yóò pàdánù. Ní tèmi, ẹni tó ń gbé ènìyàn díẹ̀ àti ẹrù díẹ̀, tó sì ń rin ọ̀nà ilẹ̀ pupa lójoojúmọ́, rẹsọ́ irin yóò bá a lára mu ju afẹ́fẹ́ àtijọ́ lọ. Kò sí páìpù tó máa lu, kò sí ẹ̀rọ tó máa jó, kò sí abúlé tí ọkọ̀ á ti jókòó lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń pọ̀ lónìí tó ń dín lọ́la, kó rò ó dáadáa.

Ẹ má ra rẹsọ́ tí wọ́n bá kàn sọ pé «ti Toyota ni». Rẹsọ́ Prado oríṣiríṣi ló wà: gígùn rẹ̀, nínípọn irin rẹ̀, iye ẹrù tí wọ́n ṣe é fún. Nọ́ńbà máa ń wà lára rẹ̀ tàbí lára páálí rẹ̀. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ sì ra méjì tó bára mu. A kì í fi rẹsọ́ sí òsì, kí a fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀tún: níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dojú dé.

IṢẸ́ NÁÀ GAN-AN

Ewu tó wà níbẹ̀ la máa kọ́kọ́ sọ. Ọkọ̀ tó jókòó lórí afẹ́fẹ́ lè sọ̀kalẹ̀ nígbàkígbà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kọ̀ǹpútà lè rí i pé ẹ ti fi kìríkì gbé ọkọ̀, kó rò pé ọkọ̀ ga jù, kó sì tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ò ní rí àyè jáde. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Nínú Lexus GX 470, bọ́tìnnì kan wà fún un nítòsí awakọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ tú ẹnu òdì bátìrì. Ẹ fi igi dí táyà iwájú. Ẹ fi kìríkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ irin méjì sábẹ́ ṣásí. Ẹ má gbára lé kìríkì nìkan. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀: ó máa ń là lójijì.

Ẹ tú ẹnu páìpù àpò díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá. Ẹ yí ojú kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ awò. Ẹ fi kìríkì kejì gbé irin ìdábùú dúró, kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ amọ́tísọ̀ méjèèjì. Ẹ wá máa sọ irin ìdábùú kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára páìpù rọ́bà ìjánu àti wáyà tó lọ sí ibi táyà. Bí wọ́n bá ti ń nà, ẹ dúró. Ẹni tó fa páìpù ìjánu já nítorí rẹsọ́, kí ni èrè rẹ̀?

Ẹ yọ àpò kúrò. Ẹ fọ ibi tó jókòó sí. Rẹsọ́ ní rọ́bà ìjókòó tirẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Bí wọn ò bá fún yín pẹ̀lú rẹsọ́, ẹ ra á, nítorí irin tó bá ń lu irin á máa pariwo, á sì máa jẹ ara rẹ̀. Rọ́bà tó ń dí ọkọ̀ kó má jókòó jù gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yí rẹsọ́ títí orí rẹ̀ yóò fi wọ ibi tí wọ́n gbẹ́ fún un. Ẹ gbé irin ìdábùú sókè, ẹ dá nọ́ọ̀tì amọ́tísọ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún un le. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti wà lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ tó fún un le pátápátá. Bí ẹ bá fún un nígbà tí táyà ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, rọ́bà inú rẹ̀ á lọ́, á sì tètè ya.

Amọ́tísọ̀ ńkọ́? Ti Lexus yìí ní mọ́tò kékeré lórí, tí kọ̀ǹpútà fi ń mú un le tàbí rọ̀. Bí kò bá jò, tí kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ fi amọ́tísọ̀ lásán tó bá rẹsọ́ yín mu rọ́pò rẹ̀. Ẹ dì orí wáyà rẹ̀ dáadáa kí omi má wọ̀ ọ́.

Ẹ dí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́. Ẹ yọ fúsíbù tí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé ti kọ̀ǹprẹ́sọ̀ ni, kí ó má baà máa kùn títí láé. Ẹ má gé wáyà. Nínú irú ọkọ̀ yìí, wáyà tó jọra pọ̀, ẹni tó bá gé e lójú dúdú lè gé ti ìjánu. Iná kékeré kan lè máa ṣẹ́jú níwájú awakọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Ẹ má lẹ nǹkan dúdú mọ́ ọn lójú bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún olówó ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ níwájú pẹ̀lú. Níbẹ̀, rẹsọ́ máa ń wà lára amọ́tísọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sún kì kí a tó lè dè é mọ́ ọn. Agbára tó há sínú rẹsọ́ bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ lò. A ti rí àwọn tó ń fi okùn tàbí wáyà dè é. Kí a má rí i mọ́. Bí ẹ bá lè rà á ní èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ láti ilé-iṣẹ́, ẹ ra ìyẹn.

LẸ́YÌN IṢẸ́

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri, ní bíi mítà 5, kẹ́ ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ iwájú dé. Nísinsìnyí, ẹ gbé e padà síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti gòkè ju àmì lọ, ẹ yí i sílẹ̀. Kí olówó ọkọ̀ kó ẹrù tó máa ń kó sí i, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run, ẹni tó ń gun sémìjáàn bọ̀ níwájú ló ń fọ́ lójú.

Ẹ wọn gíga òsì àti ọ̀tún. Ẹ wakọ̀ náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ ìjánu, ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ sọ fún olówó ọkọ̀ pé kó padà wá lẹ́yìn 100 km, kẹ́ ẹ tún nọ́ọ̀tì gbogbo dì. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé gárájì, kẹ́ ẹ sì da ọ̀rọ̀ náà kọ fún olówó ọkọ̀. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

Ọjọ́: …… Kìlómítà ọkọ̀: ……
A yọ: àpò afẹ́fẹ́ 2, ẹ̀yìn. A fi sí i: rẹsọ́ 2, nọ́ńbà ……
Gíga láìsí ẹrù: òsì …… cm, ọ̀tún …… cm.
Gíga pẹ̀lú ẹrù: òsì …… cm, ọ̀tún …… cm.
Fúsíbù tí a yọ: ……

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá dé ọwọ́ mẹ́kánò mìíràn ní Pàràkú tàbí ní Àjàṣẹ́, ìwé yẹn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ iṣẹ́ rẹsọ́ àti ti amọ́tísọ̀?
2. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni afẹ́fẹ́ ń ṣe? Èwo ni rẹsọ́ irin ò lè ṣe?
3. Èé ṣe tí a kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ afẹ́fẹ́ tí kìríkì nìkan gbé dúró?
4. Ọkọ̀ kan jẹ́ 50 cm lósì àti lọ́tùn-ún ní ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀, òsì jẹ́ 41 cm, ọ̀tún jẹ́ 50 cm. Apá wo ni ẹ óò ta omi ọṣẹ sí?

ÌṢIRÒ (Owó inú rẹ̀ kì í ṣe iye ọjà, ìṣirò lásán ni.)

Rẹsọ́ kan jẹ́ 40 000 sefa, méjì ni a fẹ́. Rọ́bà ìjókòó mẹ́rin jẹ́ 3 000 sefa lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó iṣẹ́ jẹ́ 25 000. Ìyá onígàrí wa yóò máa rin ìrìn kan sí i lọ́sẹ̀, epo rẹ̀ jẹ́ 15 000 sefa. Èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10? Bí àtúnṣe afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 240 000 sefa, èwo ni ẹ̀yin yóò yàn fún un?